Ẹ̀rọ Gàrí Tó Mọ Èènì

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi. Ọjọ́ náà ni mo fi ẹnu ara mi ṣe àmín sí ohun tó ba ayé mi jẹ́, mo sì ṣe é sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Bí mo bá ń sọ ìtàn yìí, àwọn ènìyàn máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, torí kí ni mo tún lè ṣe? Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Àsìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti gbogbo ayé ni, tí ọ̀kadà ṣì lè gbé ènìyàn láti Kétu dé ibikíbi tó bá wù ú. Mo ti jáde ní pólì, mo ti sin ilẹ̀ baba wa, mo wá gba yàrá kan ní Alápẹ̀rẹ̀, mò ń bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ tó ní ọ́fíìsì ní Ìkòsì. Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ là ń tún ṣe, pàápàá àpótí kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, tó ń sọ fún mọ́tò pé kó yí tàbí kó dúró. PLC ni àwa oníṣẹ́ ń pè é. Ọ̀gá mi mọ ọ̀rọ̀ í sọ ju bó ṣe mọ PLC lọ. Òun ló máa ń lọ bá àwọn oníbàárà pẹ̀lú táì àti fáìlì, èmi ni mo máa ń lọ bá ẹ̀rọ. Kò tíì gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Bí mo bá ti bi í, á ní, "Jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná." Ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dùn mí nípa wíwò.

Ọ̀rọ̀ ìgbàsíṣẹ́ yìí kì í ṣe eré lójú mi, nítorí Fúnkẹ́. Fúnkẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe aya, òun náà sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀, tí èmi náà ń pè ní Daddy, ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ báńkì. Wọ́n ń gbé inú ẹ́sítéètì kan ní Anthony, níbi tí gétìmáànù ti ń bi ènìyàn léèrè bí ẹni pé ọ̀run lèèyàn fẹ́ wọ̀. Alàgbà pàtàkì ni wọ́n nínú ìjọ wọn. Ọjọ́ tí Fúnkẹ́ mú mi lọ hàn wọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ṣàlàyé PLC, mo ṣàlàyé kántà, ìyẹn ẹ̀yà tó máa ń ka nǹkan fún un, mo tún fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí ọjà ṣe ń rìn lórí bẹ́líìtì. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n bu omi mu.

"Ìyẹn ni pé nǹkan lò ń kà," ni wọ́n wí.

"Ẹ̀rọ ló ń kà á, sir. Èmi ni mò ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa kà á."

"Ṣé wọ́n ti gbà ẹ́ síṣẹ́ náà?"

Mo ní ó ku díẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí díẹ̀ náà bá pé, kí n mú àwọn òbí mi wá. Wọn kò bú mi, wọn kò lé mi. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé wá rọ̀ mọ́ kí ọ̀gá mi ṣíwọ́ wíwò kó sì gbà mí.

Àfi bí iṣẹ́ gàrí ṣe dé. Mummy kan wà nínú ìjọ Daddy yìí kan náà, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n fi kóńgò bẹ̀rẹ̀ gàrí títà ní Mile 12 kí Ọlọ́run tó gbé wọn ga. Wọ́n ti wá ní iléeṣẹ́ ní Ìkòsì, níbi tí wọ́n ti ń di gàrí Ìjẹ̀bú sínú ọ̀rá alámì fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá àti àwọn tó ń rìnrìn àjò. Wọ́n ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan tó ń di gàrí. Ara ẹ̀rọ náà le, kántà rẹ̀ nìkan ló ti kú. Bí ọ̀rá gàrí bá jáde, á rìn lórí bẹ́líìtì, á kọjá níwájú ojú iná kékeré kan, á sì jábọ́ sínú páálí. Iṣẹ́ ojú iná yẹn ni kó rí i, iṣẹ́ kántà ni kó kà á. Bó bá ti pé méjìlá, ilẹ̀kùn kékeré kan á pa dé, wọ́n á fa páálí náà kúrò, wọ́n á gbé òmíràn síbẹ̀. Láìsí kántà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kà á, tí ẹnì kan bá sì ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, ìṣirò ti dàrú.

Ọ̀gá mi wá kántà tuntun rí níbì kan, kì í ṣe ọmọ ìyá ẹ̀rọ náà rárá. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé atọ́nà tí mo rò pé ẹni tó kọ ọ́ ń bínú sí òǹkàwé. Ó ní, "Tí eléyìí bá fi lè ṣiṣẹ́, o ti di ọmọ iléeṣẹ́ nìyẹn." Mo di báàgì mi lọ́jọ́ náà pẹ̀lú orin lẹ́nu.

Àṣé orin ò tíì yá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ, mẹ́fà péré ló wọ páálí tí ilẹ̀kùn fi pa dé. Mo tún un tàn, mẹ́fà náà ni. Mummy yọjú láti ọ́fíìsì wọn, wọ́n wo inú páálí, wọ́n wò mí.

"Ẹnjiníà, ẹ̀rọ yín fẹ́ máa rẹ́ oníbàárà mi jẹ ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo jókòó ti bẹ́líìtì, mo ń wò ó, ìgbà tó yá ni mo rí i pé ọ̀rá náà máa ń ta pọ́ún bó bá dé iwájú ojú iná, tí kántà á fi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù, mo wọ inú ètò kántà lọ, mo sọ fún un pé bó bá rí ọ̀rá kan, kó ní sùúrù díẹ̀ kó tó gbà pé òmíràn ló dé. Sùúrù tí mo fún un wá pọ̀ jù. Ọ̀rá méjì ń tẹ̀ lé ara wọn kọjá, ó ń kà wọ́n sí ọ̀kan, páálí sì ń kún àkúnya. Ẹni tó ń rẹ́ni jẹ láàárọ̀ ti di ọ̀làwọ́ lọ́sàn-án. Mo ń dín sùúrù rẹ̀ kù, mo ń fi kún un, bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ fún àlejò, títí ó fi bọ́ sí i.

Ibẹ̀ ni NEPA mú iná lọ. Kí jẹnẹrétọ̀ tó dìde, kántà ti gbàgbé gbogbo ohun tó ti kà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo sínú páálí tó ti kún dé ìdajì. Mo tú ìwé atọ́nà yẹn palẹ̀ kí n tó rí i pé ibì kan wà tí a ti lè sọ fún un pé kó máa rántí bí iná bá lọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi pamọ́ sí. Ẹni tó ṣe é kò gbé Èkó rí.

Ó wá di ọjọ́ tí ohun gbogbo lọ déédéé. Mummy dúró, wọ́n ń wo páálí tó ń kún tó ń lọ, inú wọn dùn. Lójijì wọ́n yí sí mi, wọ́n ní, "Èènì ńkọ́?"

Mo bi wọ́n pé èènì wo. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bi wọ́n pé ta ni Jésù. Wọ́n ní láti ìgbà kóńgò ni oníbàárà ti mọ àwọn sí èènì, òun gan-an ló sọ àwọn di ènìyàn. "Ẹ̀rọ tí kò mọ èènì, báwo ló ṣe fẹ́ bá mi ta gàrí?"

Mo yíjú sí ọ̀gá mi, tó wá gbowó ara rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, pé kó gbà mí sílẹ̀. Ọ̀gá mi fẹ eyín. Ó ní, "Kò sí wàhálà rárá, Mummy. Ẹnjiníà máa fi sí i." Nígbà tí a jáde, mo ṣàlàyé fún un pé páálí náà kò gba ju méjìlá lọ. Ó ní a kì í sọ "rárá" fún oníbàárà, pé òye ọmọdé ló ń dà mí láàmú.

Mo lọ sílé lọ ronú. Ohun tí mo ronú kàn, mo ṣì ń fi yangàn títí di òní. Mo fi kántà kejì sínú ètò náà, èyí tí kì í ka ọ̀rá, páálí ló ń kà. Bí páálí bá pọ̀ tó iye kan, ilẹ̀kùn kékeré náà á yà sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀rá kan ṣoṣo á sì bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ kan tó dá dúró. Èènì nìyẹn. Ẹni tó bá ra páálí tó pọ̀, tirẹ̀ ti wà nílẹ̀. Nígbà tí Mummy rí ọ̀rá àkọ́kọ́ tó yà bàrá kúrò lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n súre fún mi lórí, lẹ́sẹ̀ àti lọ́mọ. Lọ́kàn mi, mo ní kò sí òyìnbó tó tíì kọ́ PLC ní èènì rí. Ìgbéraga mi dé òrùlé lọ́jọ́ yẹn.

Mummy wá ní ẹ̀rọ kankan kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé òun láìgbàdúrà sí i. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dá, wọ́n sì ní Daddy ni yóò ṣíwájú àdúrà. Fúnkẹ́ pè mí lórí fóònù, ayọ̀ ń bọ̀ lóhùn rẹ̀. Ó ní, "Daddy fúnra wọn máa fojú rí ohun tí ò ń ṣe." Ọ̀gá mi náà fọwọ́ sọ̀yà pé bí a bá ti kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ti yanjú. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe kó gbogbo ohun tí mò ń wá jọ sí ojú kan ṣoṣo.

Mo lọ aṣọ. Mo so táì. Òjò tó rọ̀ mọ́jú ti sọ títì Alápẹ̀rẹ̀ di odò, ọlọ́kadà mi sì rí kòtò kan, ó gbà pé kò jìn. Nígbà tí mo fi máa dé Ìkòsì, ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi kan funfun, èkejì ti gba àwọ̀ gọ́tà. Mo lọ fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ kí Daddy má bàa rí i. Ìyẹn náà ló jẹ́ kí n wà nítòsí, tí mo fi rí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ kedere.

Daddy wọ agbádá funfun báláú. Wọ́n gbàdúrà tó wọni lára, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n mú ìgò òróró àdúrà, wọ́n fi sára ilẹ̀kùn iléeṣẹ́, wọ́n fi sára mọ́tò, wọ́n fi sára àpótí PLC, a ń ṣe àmín tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wá tẹrí ba, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì.

"Kí lèyí tó ń tàn yìí?"

Ọ̀gá mi, tí ẹnikẹ́ni kò bi, ló dáhùn. Ó ní, "Ojú ẹ̀rọ nìyẹn, Daddy. Òun ló fi ń ríran."

Inú Daddy dùn sí ìyẹn. Wọ́n da òróró sí àtàǹpàkò wọn, ó kún, ó ń ṣàn. Wọ́n ní kí Olúwa la ojú ẹ̀rọ yìí, kó má ṣe ṣìnà láéláé. Mo ti mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Àyè wà tí mo fi lè sọ ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa, àyè wà. Ṣùgbọ́n àna tí mò ń wá lójú méjèèjì rèé, níwájú ìjọ wọn, èmi tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi kan dúdú. Ṣé èmi ni máa sọ fún alàgbà ibi tí wọ́n máa fi òróró sí? Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà nìyẹn. Daddy tẹ àtàǹpàkò mọ́ ojú iná, wọ́n rọra fi pa á yíká. Wọ́n gbójú sókè, ojú wa pàdé, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbà lọ́wọ́ wọn rí.

"Àmín!" Ohùn tèmi ló ròkè jù.

Mummy tẹ bọ́tìnì. Bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ọ̀rá gàrí ń jáde, àwọn ará ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo wo ojú kántà. Orí òdo ló dúró sí. Ọ̀rá ń kọjá, òdo. Páálí kún, ilẹ̀kùn kò pa dé. Mummy kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ fún àwọn àlejò pé èènì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá ń gun orí ọ̀rá, wọ́n ń já lulẹ̀ gbì, gbì, òmíràn ń bẹ́. Wọ́n wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹnjiníà, èènì yìí ti pọ̀ jù." Eruku gàrí bo ilé. Gbogbo ìjọ ń sín. Èyí tó bọ́ sọ́wọ́ Daddy lẹ̀ mọ́ òróró, ó di bí ẹni wọ ìbọ̀wọ́. Kí n tó rìn gba orí gàrí dé ibi bọ́tìnì kí n pa á, mo ti yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ti fìdí jókòó sórí ọjà Mummy.

Ọ̀gá mi mi orí. Ó ní, "Mo sọ fún un, Mummy. Mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ èènì da ẹ̀rọ láàmú, kò gbọ́."

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ọ̀gá yìí kan náà ló ní kí n fi sí i. Inú bí mi dé ibi tí ojú mi ṣókùnkùn. Mi ò wo ọ̀tún, mi ò wo òsì. Mo dìde, mo fa ìnujú mi yọ, mo nu ojú iná náà, mo fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo tún un nù títí ó fi mọ́. Mo gbé páálí tuntun síbẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì. Kántà kà á, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ó kà á dé méjìlá, ilẹ̀kùn pa dé wẹ́rẹ́. Kò ṣìnà rárá. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ bí mo ṣe fẹ́ kó ṣe é, ẹnì kankan ò sì wò ó.

Èmi ni wọ́n ń wò.

"Kí lo nù kúrò níbẹ̀?" ni Daddy bi mí.

"Òróró ni, sir. Kò jẹ́ kó ríran."

"Ṣé o rí mi nígbà tí mo ń fi síbẹ̀?"

"Mo rí yín, sir."

"O sì ṣe àmín."

"Mo ṣe é, sir."

Wọ́n gbọn gàrí kúrò lára agbádá wọn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú. Wọn kò pariwo. Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní, "Ó mọ̀ pé ojú fẹ́ tì mí, ó dúró, ó ń ṣe àmín." Mummy ni wọ́n sọ ọ́ fún, bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mò ń bù fún wọn. Wọ́n sì rí mi bí ẹni tó ń wo àgbà lọ sínú kòtò. Ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ló jóòótọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí.

Ọ̀gá mi ní kí n sinmi fún ìgbà díẹ̀, díẹ̀ náà kò sì tíì pé títí di òní. Mo gbọ́ pé ó padà lọ sọ́dọ̀ Mummy, ó fi pákó kékeré kan ṣe ìbòrí sí ojú iná, ó ní òun ti tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe. Ètò mi ló ṣì wà nínú rẹ̀, àti èènì mi. Fúnkẹ́ sunkún lórí fóònù, èmi náà sunkún. Ó ní Daddy kò bínú nítorí òróró tí mo nù. Wọ́n ní àwọn kò lè fa ọmọ lé ọwọ́ ẹni tí kò lè kìlọ̀ fún àwọn. Nígbà tó ṣe, Fúnkẹ́ fẹ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ wa lọ síbi ìgbéyàwó náà. Gàrí Mummy ni wọ́n pín fún àlejò. Ó gba tirẹ̀, wọ́n tún fi ọ̀kan lé e. Ó wá gbé ìkejì fún mi nílé, ó ní, "Gbà, èènì ni." Mo ya ọ̀rá náà, mo bu omi sí i, mo mu ún tán níwájú rẹ̀. Ó kan gan-an, bó ṣe yẹ kí gàrí Ìjẹ̀bú kan. Mo wá bú sẹ́rìn-ín débi pé ó bi mí bóyá ara mi yá.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà sí ẹ̀rọ tí mo bá ṣe, mo máa ń tètè lọ dọ̀bálẹ̀ fún alàgbà tó bá gbé ìgò òróró dání. Mo máa ń sọ pé, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, sir, orí irin yìí ni kẹ́ ẹ fi sí, ibi tó ń tàn yìí kì í fẹ́ òróró." Mo ti sọ ọ́ fún oríṣiríṣi alàgbà, mo sọ ọ́ fún bíṣọ́ọ̀bù kan rí. Gbogbo wọn ló ń ní, "O ṣeun, ọmọ mi," wọ́n á sún ọwọ́ kúrò, àdúrà á sì máa lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bínú rí. Èmi á wá máa rẹ́rìn-ín níbi tí mo wà, torí bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, ẹkún ni.